Ibi Tí Fèrè Ọkọ Mi Ti Dákẹ́

Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé, mo ti gbálẹ̀ kí n tó lọ sí ìsìn òwúrọ̀. Mojísọ́lá, àbúrò ọkọ mi, ti ọsibítù dé, kò kí mi, kò sì jókòó. Ó mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá pálọ̀ tí mo ti gbá. Nígbà tó gbá a dé abẹ́ àga ọkọ mi, ó di àga náà mú, kò sì lè tẹ̀síwájú mọ́.

"Ìyàwó," ó wí, "èmi nìkan ni mo bọ̀."

"Mo ti rí i, Adúmáadán," mo wí. Orúkọ tí mo sọ ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn nìyẹn.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí rédíò fi gbọ́. Ọkọ mi fọn fèrè idẹ láti Àrámọkọ dé Ìjerò títí irun rẹ̀ fi funfun, rédíò kò mọ̀ ọ́n. Ó kú tán, ó di ògbóǹtarìgì. "Olóògbé Dúrótoyè, ògbóǹtarìgì olórin jáàsì, ọmọ bíbí ìlú Ìjerò." Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n òkú kì í kọ̀wé àtúnṣe sí rédíò. Wọ́n wá fi orin rẹ̀ sí i, "Mo Dé Ìsàlẹ̀ Òkè," kí àwọn olùgbọ́ lè fi dárò rẹ̀. Fèrè tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ohùn ibẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Èyí tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan fi polongo ìbò ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orin náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ti ń pọ̀ sí i.

Lórí òkè ni ilé bàbá mi wà. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ti oko dé ìsàlẹ̀ òkè kì í kàn ṣàdédé gùn ún. Á kígbe pé, "Ulé o," bí àwa ará Èkìtì ṣe ń pe ilé, á sì dákẹ́. Ará ilé á dáhùn látòkè pé, "Mo wà o." Ìgbà náà ni yóò tó gbé ẹrù rẹ̀ gòkè. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, á dúró, nítorí a kì í gòkè lọ bá ilé tí kò fọhùn. Ta ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?

Ìdó-Ilé ni Dúrótoyè ti ń ṣe tíṣà nígbà tó ń fẹ́ mi. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn wá lọ́jọ́ Sátidé. Bó bá dé ìsàlẹ̀ òkè, kì í kígbe. Á yọ fèrè rẹ̀, á fọn ohùn kúkúrú méjì àti gígùn kan, á sì dákẹ́. Èmi á dáhùn láti ojú fèrèsé. Bàbá mi ní òun kò tíì rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí, tó fẹ́ gbé ọmọ ọlọ́mọ níyàwó, tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ pè é.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, a kọ́lé ti àwa náà sórí òkè kan náà. Nígbà kan, ó lọ ṣeré ní Ìjerò, kò sì dé lọ́jọ́ tó dá fún mi. Nígbà tó wù ú, ó dé, ó fọn fèrè. Mo gbọ́, n kò dáhùn. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó tún fọn ọ́n. Ìyá Ẹ̀yínadé, aládùúgbò wa, ló yọ orí síta.

"Tíṣà, a wà o. Gbogbo wa la wà. Máa gòkè bọ̀, kí etí wa lè sinmi."

Ọkọ mi dá a lóhùn látìsàlẹ̀ pé, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀yin kọ́ ni mo pè."

Inú òjò náà ló dúró sí títí mo fi dáhùn.

Ìpè yẹn ló sọ di orin, Ìbàdàn ló sì ti kọ́kọ́ gbà á sínú àwo. Fèrè rẹ̀ pè, ó dákẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ títí èèyàn á fi máa gbọ́ èémí wọn. Lẹ́yìn náà ni ìlù àti gìtá wọlé jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ gòkè. Àwo náà kò tà. Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà ní kó padà wá parí orin rẹ̀.

Ẹgbẹ́ olórin kan gbọ́ ọ ní Èkó, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Wọ́n fi gìtá dí ibi tó dákẹ́, wọ́n sì mú kí orin náà yára, nítorí kò sí òkè ní Èkó. Ìyẹn tà. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa náà gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì. Wọ́n yọ ìsàlẹ̀ òkè kúrò, wọ́n fi òkè ọ̀run sí i, wọ́n sì fi Halelúyà dí àyè náà. Lẹ́yìn wọn ni ọkùnrin kan tó fẹ́ lọ sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, wá fi orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Kò wọlé. Ó pe ará ìlú, ará ìlú kò dáhùn.

Ọkọ mi kò bá ẹnikẹ́ni jà nínú wọn. Bó bá gbọ́ ọ tán, á kàn wò mí, á ní, "Wọn ò jẹ́ kí o dáhùn."

Lọ́jọ́ kejì tó kú, ìgbìmọ̀ ìsìnkú pé sí pálọ̀ mi. Òkú kì í pẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n kó tó ní alága. Ọ̀gbẹ́ni Akíntúndé, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága. Ọ̀gbẹ́ni Bámigbóyè tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Olúrántí, tó ní ẹgbẹ́ olórin ní Ìjerò, wọ awò dúdú nínú ilé, nítorí ọ̀fọ̀.

"Orin yìí la ó fi sin bàbá," Akíntúndé wí. "Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, èwo nínú rẹ̀?"

"Tiwa ni," Bámigbóyè wí. "Tiwa ló ní Jésù nínú."

"Jésù wà nínú tiyín lóòótọ́, sà," Olúrántí wí, "ṣùgbọ́n èwo ni àwọn èèyàn ń jó sí?"

"Ìsìnkú ni, ọmọ yìí. Ta ló fẹ́ jó?"

"Bàbá dàgbà kó tó lọ. Bí a ò bá jó, wọn á ní a ò dúpẹ́."

Mo dìde, mo mú àwo tí ó gbà ní Ìbàdàn wá fún wọn. Akíntúndé gbé e sórí ẹ̀rọ. Nígbà tó dé ibi tó dákẹ́, ó yára gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sókè, ó mí sí àwo náà lára, ó sì fi áńkáṣíìfù nù ún. Ó tún gbé e sí i. Ó tún dákẹ́.

"Ó ti họ níbí yìí," ó wí.

"Kò họ, sà," mo wí. "Ó ń dúró ni."

"Ó ń dúró de kí ni, Màmá?"

"Ó ń dúró dè mí. Èmi ló pè."

Wọ́n wo ara wọn. Olúrántí bọ́ awò rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ó wí, bí ìgbà tí wọ́n bá ń kí ẹni tí ibà ń ṣe.

Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún wọn. Kí wọ́n tó gbé òkú ọkọ mi jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹnì kan fọn fèrè náà bó ṣe máa ń fọn ọ́n. Bó bá dé ibi tó ti ń dákẹ́, kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, kí n dá a lóhùn, kó lè máa gòkè lọ. N kò bèèrè ohun mìíràn, yálà màlúù tàbí àgọ́. Akíntúndé gbà lórúkọ ìgbìmọ̀. Bámigbóyè gbàdúrà sí i.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Ọkùnrin tí kò wọlé ìbò jókòó ní ìlà àkọ́kọ́, níwájú àwọn mọ̀lẹ́bí. Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, wàásù lórí sùúrù, ó sì pẹ́ kó tó parí. Lẹ́yìn náà, afọnfèrè ẹgbẹ́ Olúrántí dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ó fọn ohùn kúkúrú méjì àti gígùn kan. Ó fọn ọ́n dáadáa, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó sì dákẹ́.

Mo dìde, mo la ẹnu.

Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wa, bí ibi kan bá dákẹ́, a gbà pé ẹnì kan ló gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Bámigbóyè kò fẹ́ kó jẹ́ òun. Ó gbé ọwọ́ sókè, ẹgbẹ́ akọrin sì ké Halelúyà. Olúrántí kò fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀, ó ta gìtá sí i. Ọkùnrin tí kò wọlé gbọ́ àyè orúkọ rẹ̀, ó dìde, ó juwọ́ sí gbogbo ìjọ. Wọ́n gbé pósí, wọ́n ń bá a lọ, ohùn mi sì wà lọ́fun mi níbi tó wà.

Akíntúndé wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ìtẹ́ òkú. Inú rẹ̀ dùn.

"Màmá, ẹ ò rí i? Kò sí ibi tó họ lónìí."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," mo wí.

Nígbà tí a délé, àwọn àlejò ń jẹun lábẹ́ àgọ́, orin ti Èkó sì ń dún níta. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn. Mojísọ́lá ń gbá ìrẹsì tí wọ́n dà sí pálọ̀. Mo gbé àwo Ìbàdàn sórí ẹ̀rọ, mo sì ṣí fèrèsé tó kọjú sí ìsàlẹ̀ òkè.

Fèrè rẹ̀ pè. Ó dákẹ́. Ìgbálẹ̀ Mojísọ́lá náà dákẹ́.

Mo yọ orí síta, mo ní, "Mo wà o."