Òfin Ilẹ̀dú

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Kí ẹnu aṣòfin obìnrin tó sọ ọ́ tó pa dé, gbogbo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìí ló yẹ kó pe ọkùnrin náà, alága àwọn onítípà tó ń gbẹ́ ilẹ̀ tà. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ahọ́n kì í sì í rántí ìlànà níwájú ọmọ ìyá ẹni.

"Olórí ilé," ni aṣòfin oníkùn ńlá tó ń tako àbá rẹ̀ wí, "ṣé iṣẹ́ ẹni tó ń pè ní ẹ̀gbọ́n náà ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ojú ti obìnrin náà gan-an. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àbá rẹ̀ ti ṣubú: kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́ ilẹ̀dú oko tà fún àwọn kọ́lékọ́lé mọ́, kí ẹni tó bá sì ti gbẹ́ ẹ dá a padà. Bó bá tún ṣubú lónìí, ó parí nìyẹn. Ìlànà ilé kò gba ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó kúkú ti balẹ̀. Ó ti àwọn ìbéèrè tó kọ sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó mọ̀ọ́mọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, "ilẹ̀ bàbá wa tí ẹ kọ́kọ́ gbẹ́, kí ló ń hù níbẹ̀ báyìí?"

Ọkùnrin náà ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Mo gbin àgbàdo síbẹ̀. Kò ga dé orúnkún. Mo da ajílẹ̀ sí i, mo tún un gbìn. Òjò kan ṣoṣo ló wọ́ gbogbo ẹ̀ lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Koríko pàápàá ò hù níbẹ̀ mọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí olórí ilé ní kí àwọn tó fara mọ́ àbá náà nàwọ́ sókè, ọwọ́ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí oníkùn ńlá náà fi na tirẹ̀, tó ń wo àjà bí ẹni pé kì í ṣe òun. Àbá di òfin. Obìnrin náà bọ́ bàtà, ó jó yí àga rẹ̀ ká, kò sì sẹ́ni tó láyà láti ní kó jókòó.

Níta, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tó fara ti ọkọ̀ típà rẹ̀.

"Ẹ má bínú o. Àwọn ẹgbẹ́ yín ló fi tipá rán yín wá, àbí?"

"Ẹlòmíì ni wọ́n fẹ́ rán. Mo ní èmi ni n ó lọ, kí n lè sọ òótọ́." Ó nu ojú. "Ọkọ̀ tó kó ilẹ̀ lọ lè kó o padà. Ti bàbá wa ni n ó fi bẹ̀rẹ̀."

Gbogbo ìgbà tí obìnrin náà rò pé òun ń bá a jà, òun nìkan ló wà lójú ìjà náà. Ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó gun ọkọ̀ náà, ó sì jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.