Ibi Tí Mo Fò

1.

…àti pé ojú ewé mẹ́rìnlá péré ni. Ta ló máa mọ̀? Òǹkọ̀wé ọ̀hún ń ṣàpèjúwe àga. Àga onítìmùtìmù, àga tí ò ní tìmùtìmù, àga tí bàbá àgbà jókòó sí kó tó kú. Ọ̀nà ọ̀fun mi ti gbẹ. Mo ṣí i kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìyàwó ti ń di ẹrù.

Màámi ń gbọ́, ọwọ́ wọn lórí itan. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí wọn ò ríran mọ́. Lójoojúmọ́, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń kàwé fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Nígbà tí mo ka orí náà tán, wọ́n ní, "Ó mà ṣe o. Ká ní wọ́n ti tún àga yẹn kàn ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá má yẹ̀ lábẹ́ bàbá."

Mo padà lọ wò ó. Ojú ewé kejìlá nínú mẹ́rìnlá tí mo fò. Ẹsẹ̀ àga yẹ̀. Bàbá ṣubú.

Mi ò kà á. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mi ò kà á.


2.

ÀWỌN ÌWÉ TÍ A KÀ, ÀTI OHUN TÍ A RÍ SỌ

— Ìtàn àròsọ nípa ìdílé tó ń du ilé bàbá wọn. Èmi: òǹkọ̀wé yìí fẹ́ràn àga ju èèyàn lọ. Màámi: "Kì í ṣe ẹkún nìyàwó yẹn ń sun. Ó ń bọ́jú ni."

— Ìwé nípa bí èèrà ṣe ń mọ ọ̀nà ilé. Kì í ṣe ìtàn àròsọ. Mo gbádùn rẹ̀ débi pé mi ò lè pa èèrà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Mo fo gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ka iye. Màámi: "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n nínú ihò kan! Kí ni wọ́n ń rí bára wọn sọ?"

— Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Mo ti mọ apànìyàn láti ojú ewé kejì. Ọ̀lẹ lòǹkọ̀wé. Mo fo orí karùn-ún nítorí pé wọ́n pa ajá níbẹ̀, n kì í fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀. Màámi: "Ajá yẹn ò ṣẹ ẹnì kankan."

— Ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan tó kọ́ afárá mẹ́fà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Agbéraga gbáà. Mo ti búra pé mi ò ní fo ìlà kan.


3.

Lẹ́tà láti ilé ìwòsàn ojú. Mo kà á fún Màámi lọ́jọ́ tó dé. Ohun tó wà nínú àkámọ́ ni mo fò.

Sí Màmá wa,

A ti yẹ èsì àyẹ̀wò yín wò. Ó dùn wá pé ojú yín ò ní lè ríran mọ́, ṣùgbọ́n kò ní máa dùn yín. Ẹ máa kán oògùn sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. [Àìsàn yìí máa ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Kí ọmọ yín tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún wá ṣe àyẹ̀wò láìfi falẹ̀, pàápàá bí ọ̀rọ̀ tàbí odidi ìlà bá ti ń pòórá mọ́ ọn lójú tó bá ń kàwé.] Ẹ padà wá rí wa lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Mo ti pé ogójì ọdún. Bọ̀ọ̀dá mi jù mí lọ, ọ̀nà jíjìn ló ń gbé. Mi ò sọ fún òun náà.

Tí Màámi bá gbọ́ pé ara wọn ló ti wá, wọ́n á gbà pé àwọn ló fọ́ mi lójú. Mi ò lè máa wò wọ́n kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí.


4.

Ẹ̀rù ń bà mí.


5.

ÌKÉDE
Sí gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé yìí

Ìwé tí a tẹ̀ fún àwọn olùkọ́ ti padà sí wa lọ́wọ́. Ìlà mẹ́ta ni kò sí ní ojú ewé kẹtàdínlógójì. Ẹni tó kà á wò kó tó dé orí ẹ̀rọ fọwọ́ sí i pé ó pé. Kí onítọ̀hún wá rí mi kí iṣẹ́ ọ̀la tó bẹ̀rẹ̀.
— Ọ̀gá

(Èmi ni onítọ̀hún. Ọdún mẹ́tàdínlógún nìyí tí mo ti ń ka ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tí mò ń ṣa àṣìṣe bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Mo fi èyí wé ìwé àfọwọ́kọ òǹkọ̀wé, ìlà dé ìlà. Lójú tèmi, méjèèjì bára mu.)


6.

Ọ̀GÁ: Jókòó. Ṣé ara le?
ÈMI: Ara le, sà.
Ọ̀GÁ: Ìwé àfọwọ́kọ yẹn nìyí. Ìlà mélòó ló wà lábẹ́ àwòrán yìí?
ÈMI: Méjì.
Ọ̀GÁ: Méjì?
ÈMI: Márùn-ún, sà. Ẹ má bínú. Mò ń fi yín ṣeré ni.
Ọ̀GÁ: Èmi pẹ̀lú ẹ kì í ṣeré lórí iṣẹ́. Lọ sinmi. Lọ ṣe àyẹ̀wò ojú, kí o mú èsì rẹ̀ wá. Mi ò lè gbé ìwé míì lé ẹ lọ́wọ́ láìrí i.

Ìkéde ti sọ pé mẹ́ta ni kò sí. Mo ro méjì pọ̀ mọ́ mẹ́ta.

Méjì ni mo rí.


7.

Ohùn tí Màámi gbà sórí fóònù ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá darí rẹ̀ sí mi.

"Ọkọ mi, ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Àbúrò ẹ ti ń fo ìwé. Kì í ṣe ti àárẹ̀ o, ti àárẹ̀ tiẹ̀ sàn. Èyí tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fò, ohùn ẹ̀ máa ń sáré, bí ìgbà tó wà ní kékeré tó bá ti fọ́ abọ́. Èmi ni mo bí i, ṣé kò yẹ kí n mọ̀ ọ́n ni? Àmọ́ èyí tó ń fò báyìí, ohùn ẹ̀ kì í sáré. Ó kàn ń lọ jẹ́jẹ́. Ìyẹn ló ń já mi láyà. Má bi mí bí mo ṣe ń mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ogójì ọdún ni mo fi ránṣọ. Tí wọ́n bá gé nǹkan kúrò lára aṣọ, tí mo bá ti fọwọ́ kan èyí tó kù, mo máa ń mọ bí èyí tí wọ́n gé ṣe rí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Bá mi bi í léèrè. Má sọ pé èmi ni."

BỌ̀Ọ̀DÁ: Wọ́n ní kí n má sọ pé àwọn ni. Ṣé kò sí nǹkan?
ÈMI: Kò sí nǹkan, Bọ̀ọ̀dá.


8.

Mo gba tèmi náà sílẹ̀, kí n lè mọ òótọ́. Ìwé ẹni tó kọ́ afárá, orí kẹta.

ÈMI (ń kàwé): "…Ó dúró létí odò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Afárá ti parí. Ó ṣí fìlà."
MÀÁMI: Padà sẹ́yìn.
ÈMI: Mi ò fo nǹkan kan.
MÀÁMI: Mo mọ̀. Padà sẹ́yìn. Èèyàn mẹ́ta wà nísàlẹ̀ afárá yẹn.
ÈMI: Màámi, kò sí ẹnì kankan níbí.
MÀÁMI: Fi ìka ẹ tọ̀ ọ́, díẹ̀díẹ̀.
(Ìró bébà.)
ÈMI (ń kàwé): "…Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta tí wọn ò tíì rí òkú wọn gbé…"
MÀÁMI: Ẹ̀ẹ́n.
ÈMI: Ta ló kà á fún yín?
MÀÁMI: Ìwọ ni. Ta ló tún wà nínú ilé yìí?

Mo gbọ́ ohùn tí mo gbà sílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mi ò kà á kí wọ́n tó sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo gbọ́ tí ẹnì kan kà á, jẹ́jẹ́, lábẹ́ ohùn mi. Mo pa fóònù.


10.

Mo dé ilé ìwòsàn ojú. Wọ́n lẹ àtẹ lẹ́tà mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà. Wọ́n kọ nọ́ńbà síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan.

1
2
3
5
6

Obìnrin tó jókòó tì mí ń kà á sókè fún ọmọ rẹ̀. Ó ka méje.

Mo dìde. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Màámi pé èrò pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú ba oorun." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀.


11.

Mo ti ka ìwé àkọsílẹ̀ yìí fún Màámi, láti ìkíní dé ìkẹwàá, àyàfi ìkẹta. Mo fo lẹ́tà.

Wọn ò béèrè ìkẹta lọ́wọ́ mi. Ìkẹsàn-án ni wọ́n béèrè.

Mo ní mo ti kà á. Mo rántí bí mo ṣe kọ ọ́. Ó gùn ju gbogbo ìyókù lọ. Gbogbo ohun tí mi ò lè sọ lójú wọn ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo òkè. Ó wà níbẹ̀, àbí?


12.

Ọ̀sán gangan. Fèrèsé ṣí sílẹ̀.

ÈMI: Màámi, lẹ́tà ilé ìwòsàn ló wà lọ́wọ́ mi.
MÀÁMI: Ó pẹ́ kó tó dé.
ÈMI: Ibì kan wà níbẹ̀ tí mi ò kà fún yín.
MÀÁMI: Kà á.
ÈMI (ń kàwé): "Àìsàn yìí máa ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Kí ọmọ yín tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún…" (Mo kà á tán.)
(Màámi fi etí ìró nu ojú.)
ÈMI: Ẹ má sunkún, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀bi yín kọ́. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa dá ara yín lẹ́bi ni. Lọ́la ni mo máa lọ ṣe àyẹ̀wò, mo ṣèlérí.
MÀÁMI: Ìyẹn kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún. Ìyẹn, mo ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí lẹ́tà ti dé. Mò ń dúró kí o fẹnu ara ẹ sọ ọ́ ni. Máa kà á lọ.
ÈMI: Ó ti tán.
MÀÁMI: Ó ku ìlà kan nísàlẹ̀.
ÈMI: Funfun ni ìsàlẹ̀, Màámi.
MÀÁMI: Fi ìka ẹ tọ̀ ọ́.
ÈMI: Mo ti ṣe é. Bébà lásán ni.
MÀÁMI: Ya fọ́tò ẹ̀. Fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ.


13.

ÈMI: Bọ̀ọ̀dá, ẹ wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀?
BỌ̀Ọ̀DÁ: Ó wà.
ÈMI: Kí ló sọ?
BỌ̀Ọ̀DÁ: Látìgbà wo lo ti fi lẹ́tà yìí pa mọ́?
ÈMI: Ẹ forí jì mí. Kí ló sọ?
BỌ̀Ọ̀DÁ: Mo ti wọkọ̀. Ṣé Màámi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ?
ÈMI: Wọ́n wà níbí.
BỌ̀Ọ̀DÁ: Má jẹ́ kí wọ́n kà á fún ẹ kí n tó dé.


14.

Màámi gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé e síwájú ojú. Wọ́n ní, "Jókòó dáadáa, kí o gbọ́."