Ìtọ́kasí Kẹrìnlá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn ọlọ́pàá mú ẹ̀gbọ́n mi, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, níbi tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Wọn ò lù ú, wọn ò sì pariwo. Àwọn méjì wọ kíláàsì, wọ́n dúró sẹ́yìn bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé, wọ́n jẹ́ kó parí gbólóhùn tó wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ní kó máa bọ̀. Ó kọ́kọ́ nu pátákó ná kó tó tẹ̀ lé wọn. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ tì mọ́lé, ó tún ń tún ibẹ̀ ṣe de ẹlòmíràn!

Kò ju pé ó bi èèyàn ní ìbéèrè, ó sì kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Omi ẹ̀rọ ìlú ni iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ní ilé-iṣẹ́ omi sọ fún un pé oṣù mọ́kànlá gbáko ni ẹnikẹ́ni ò fi da oògùn apakòkòrò sínú omi tí gbogbo wa ń mu, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni ọ̀gá wọn ń ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ti dà á. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ẹlẹ́rìí Kìíní, Ẹlẹ́rìí Kejì, Ẹlẹ́rìí Kẹta ló pè wọ́n níbẹ̀, torí ó ti búra fún wọn pé orúkọ wọn ò ní ti ẹnu òun jáde. Orúkọ mẹ́ta yẹn gan-an ni ọlọ́pàá wá ń wá. "Sọ ọ́, kó o máa lọ sílé." Ó ní òun ò sọ.

Èmi ni àbúrò rẹ̀ obìnrin. Mi ò dé yunifásítì rí àfi tí mo bá lọ gba iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní. Mo ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo ń tò ó, mo sì ń dì í. Ó di ogún ọdún tí mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti fún mi lóyè méjì, ọ̀kan fún ohun tí mo ti mọ̀, ọ̀kan fún ohun tí mo ti fara dà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Akọ̀wé mi," ó ní. Orúkọ tó sọ mí lọ́jọ́ tó wọlé wa nìyẹn. "Àwọn èèyàn rẹ̀ ń kọ̀wé, wọn ò sinmi. Mo kà á títí, ojú mi ń ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá wọn lóhùn."

"Ìyàwó wa, jókòó ná. O ti jẹun?"

"Mo jẹ."

"Irọ́ lo pa yẹn. Jókòó."

"Àwọn èèyàn rẹ̀" tó ń wí ni àwọn onímọ̀ tí iṣẹ́ wọn dá lórí omi, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ó lé díẹ̀, tí wọ́n wà káàkiri ayé, tí wọ́n sì ń pàdé nínú gúrúpù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí i. Wákàtí àkọ́kọ́, igbe ni: "Háà!" "A ò gbọ́ irú èyí rí!" "Ẹ̀yìn rẹ la wà!" Òótọ́ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n wà, ẹ̀yìn tó jìnnà réré. Nígbà tó di ọ̀sán, ẹnìkan ní kí wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú. Ẹlòmíràn bèèrè bóyá "wọ́n mú un" ló yẹ kí wọ́n kọ àbí "wọ́n fi í sí àhámọ́". Àríyànjiyàn náà gba èsì méjìléláàádọ́rùn-ún. Mo kà á. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí sìmẹ́ńtì àtìmọ́lé, àwọn ń wá orúkọ tí wọ́n máa pe sìmẹ́ńtì.

Ẹni tó ń dá wọn dúró jù ni ọkùnrin kan tí mo sọ ní Ọ̀mọ̀wé Kọmá. Bí èèyàn bá kọ "ẹ káàárọ̀", á ní ó ku kọmá kan níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan ni olórí wọn, ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Obìnrin kan tún wà, òun àti ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n jọ ṣe ìwádìí omi náà, ó ń gbé lókè òkun, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ohùn àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n gbà sílẹ̀ wà. Àǹtí Fáìlì ni mo ń pè é. Kò sí ohun tí kò tọ́jú.

Gúrúpù yẹn ní òfin méjì. Èkíní, ọ̀rọ̀ kankan ò gbọdọ̀ jáde láìní ibi tó ti wá, kí wọ́n sì tọ́ka sí ibẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ewé pẹ̀lú nọ́ńbà. Èkejì, tí èèyàn bá ti buwọ́ lu ìwé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí i padà. Bí wọ́n bá yí i, àfi kí gbogbo wọn tún un buwọ́ lù. Mo sọ fún wọn pé atẹ̀wé ni mí. Wọ́n ní ó dáa, èmi ni kí n to ìwé náà. Olóòtú ìwé ìròyìn kan ti ní òun á fún wọn ní ojú ewé kan lódindi bó bá dé ọwọ́ òun kí aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì tó lù. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n mi dé ilé-ẹjọ́.

Aago mọ́kànlá ọjọ́ Ẹtì ni ìwé náà dé ọwọ́ mi. Ewé mẹ́rin, ìtọ́kasí méjìlélógún, ìbuwọ́lù igba ó lé ogójì. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo ní àwọn aláriwo wọ̀nyí náà lè ṣiṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, ìyàwó wa ń ka nọ́ńbà fún mi. Nígbà tó dé orí ìkẹrìnlá, ó dáwọ́ kíkà dúró, ó fi ìka lé e.

"Kà á, a ò ráyè."

"Akọ̀wé mi, ẹ wò ó fúnra yín."

Mo wò ó. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà níbẹ̀, orúkọ ara wọn, orúkọ bàbá wọn, ẹ̀ka tí wọ́n wà níbi iṣẹ́, àti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ó mọ́ tónítóní. Kọmá kan ò ṣì níbẹ̀.

Mo pe Àǹtí Fáìlì lórí fídíò.

"Àǹtí, ta ló kọ ìkẹrìnlá yìí?"

"Èmi ni. Ṣé ó ṣe kedere tó? Ẹnìkan ló bèèrè ní Ọjọ́rú pé ṣé àwọn ẹlẹ́rìí yẹn wà lóòótọ́ àbí ẹ̀gbọ́n yín kàn jókòó hun wọ́n ni. Ó dùn mí dé egungun. Mo ní ohùn wọn lọ́wọ́! Mo ní kí n fi orúkọ wọn sí i, kí ẹnu elénìní lè pa dé."

"Àǹtí, kí lẹ rò pé ọlọ́pàá ń bi ẹ̀gbọ́n mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Orúkọ ìyá rẹ̀ àgbà?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Mo ti fà wọ́n lé wọn lọ́wọ́," ó ní.

"Ẹ ò tíì fà wọ́n lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Iná ò tíì jó dórí kókó. Àmọ́ igba ó lé ogójì èèyàn ló ti buwọ́ lù ú. Ṣé wọn ò kà á ni?"

"Wọ́n ka ìwé náà. Ìtọ́kasí ni ẹnikẹ́ni kì í kà."

Òótọ́ ló sọ. Ogún ọdún ni mo fi tẹ̀wé, mo mọ̀ ọ́n. Ẹni méjì péré ló ń ka ìtọ́kasí láyé yìí: ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, àti ẹni tó ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí ọ lọ́rùn.

Ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn pé kí n yọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí n sọ ìkẹẹ̀ẹ́dógún di ìkẹrìnlá, kí n tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ta ló máa mọ̀? Àmọ́ àwọn tí mo ń bú wọ̀nyí, orúkọ wọn ni wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá pààrọ̀ ohun tí èèyàn buwọ́ lù láìsọ fún un, kí ni ìyàtọ̀ èmi àti ọ̀gá ilé-iṣẹ́ omi tó ń ní kí wọ́n kọ ohun tí wọn ò ṣe? Mo kọ ohun tí mo rí sí gúrúpù. Ọ̀jọ̀gbọ́n pè wọ́n sí ìpàdé lórí fídíò lójú ẹsẹ̀, Àǹtí Fáìlì sì pa ojú ewé tí ìwé àkọ́kọ́ wà rẹ́.

Aago kan ti kọjá. Ojú bí ọgọ́rin ló kún orí kọ̀ǹpútà, wọ́n kéré bí èékánná. Ọ̀mọ̀wé Kọmá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìwé tí a ti buwọ́ lù, a kì í fọwọ́ kàn án."

Orí mi gbóná. "Ọ̀mọ̀wé, èèyàn mẹ́ta fẹ́ kó sí wàhálà, ẹ̀ ń sọ ti òfin!"

"Ẹ jẹ́ kí n parí, màmá."

"Mi ò bí yín. Ká ní mo bí yín ni, ẹ̀ bá ti máa yára sọ̀rọ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. "Bí a bá yọ ọ́, tí a sì to nọ́ńbà pọ̀," ó ní, "ẹnìkan nínú igba ó lé ogójì yìí ti ní ìwé àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Bó bá bọ́ síta, ọlọ́pàá á gbé méjèèjì síra, wọ́n á ní ayédèrú ni wá, wọ́n á sì wá ohun tí a yọ kàn. Nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ dúró. A ó wá kọ òótọ́ mìíràn sábẹ́ rẹ̀, kí gbogbo wa sì tún un buwọ́ lù."

Ọ̀rọ̀ wọ̀ mí lára. Mo pa ẹnu mọ́, ìyàwó wa sì wò mí bí ẹni tó rí ohun tí kò rí rí.

"Ẹ kọ ọ́ pé a ò mọ orúkọ wọn," ẹnìkan ní.

"A mọ̀ ọ́n," Ọ̀mọ̀wé Kọmá dáhùn. "Ó ti wà lójú gbogbo wa láti àná. Ẹ kọ ọ́ báyìí: A mọ orúkọ wọn. A ò ní sọ ọ́."

Gbólóhùn méjì. Kò sí kọmá kan níbẹ̀.

Ó yé gbogbo ojú kéékèèké yẹn. Ìwé àárọ̀, àánú lásán ni èèyàn fi ń buwọ́ lù ú. Èyí yàtọ̀. Ẹni tó bá buwọ́ lù ú ti jẹ́wọ́ pé ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n mi mọ́lé wà nínú òun náà. Wọ́n lè bi í. Wọ́n lè dúró dè é ní pápá ọkọ̀ òfuurufú.

"Oṣù tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ wá sí ìlú yín," obìnrin kan ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Bàbá mi wà níbẹ̀, ara wọn ò yá."

"Ẹni tí kò bá lè buwọ́ lù ú," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "ẹnikẹ́ni ò ní bú u."

Èébú ti dé ẹnu mi, ó kù kí n sọ ọ́ jáde, àmọ́ mo rántí bàbá tí ara rẹ̀ ò yá, mo gbé e mì. Ìgboyà kì í ṣe ohun tí à ń gbà lọ́wọ́ èèyàn bí owó orí. Tí kò bá sí, kò sí.

Mo fi ìwé tuntun sórí gúrúpù. Ìṣẹ́jú méjì kọjá, ẹnikẹ́ni ò buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà orúkọ kan jáde. Ọ̀mọ̀wé Kọmá ni, ó fi orúkọ ilé-ìwé tó ti ń kọ́ni sábẹ́ rẹ̀ bí àṣà wọn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìlú wa níbí ni ilé-ìwé náà wà, kò ju òpópónà mẹ́ta sí àgọ́ ọlọ́pàá. Láti ọjọ́ tí mo ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo rò pé òkè òkun ló ń gbé, níbi tí kọmá ti ń rọ̀ bí òjò.

Aago mẹ́ta ààbọ̀, wọ́n ti pé ọgọ́jọ ó lé kan. Àwọn yòókù jáde láìdágbére, bí ẹni tó rántí pé òun fi ìkòkò sórí iná. Àǹtí Fáìlì wà nínú àwọn tó buwọ́ lù ú, pẹ̀lú omijé. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà wà nínú wọn.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?" ìyàwó wa bi mí. "Ṣé ẹ ò ka orúkọ wọn ni?"

"Èmi kì í ṣe onímọ̀."

"Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni wọ́n ní kó buwọ́ lù ú, Akọ̀wé mi. Wọn ò ní ẹni tó gboyè."

Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ pátápátá. Níbi tí wọ́n ń kọ oyè sí, mo kọ "atẹ̀wé". Mo fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó jáde.

Lárààárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi àti ìyàwó wa gbé oúnjẹ àti ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí nǹkan wọ̀ lọ sílé-ẹjọ́. Wọ́n ní kí n wọ yàrá ọ̀gá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé ìròyìn wà lórí tábìlì rẹ̀, ó sì ti fi bírò pupa fàlà sí ìsàlẹ̀ ewé.

"Ta ni atẹ̀wé?"

"Èmi ni, sà."

"Iṣẹ́ rẹ ni o ṣe, àbí? Wọ́n gbé e fún ọ, o tẹ̀ ẹ́. Àṣìṣe ni orúkọ rẹ fi wà níbẹ̀." Ohùn rẹ̀ ò le. Ó ń la ọ̀nà sílẹ̀ fún mi ni, ọ̀nà tó tẹ́jú. "Sọ pé àṣìṣe ni, kó o gbé oúnjẹ lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ, kó o máa lọ."

Ìyàwó wa di etí aṣọ mi mú láti ẹ̀yìn. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń fà mí sẹ́yìn ni àbí ó ń gbé mi ró.

"Kì í ṣe àṣìṣe, sà. Mo mọ orúkọ wọn."

"Dárúkọ wọn."

"Mi ò ní dárúkọ wọn, sà."

Ó wò mí, ó wo ìwé ìròyìn, ó fi bírò tẹ̀ lé orúkọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan sí mi.

"Jókòó."

Mo gbé oúnjẹ àti ṣẹ́ẹ̀tì fún ìyàwó wa. Mo sọ fún un kó má ṣe sunkún níwájú ọkọ rẹ̀, kó sì bá mi ti ṣọ́ọ̀bù.

"Ọgọ́jọ ó lé méjì ni wá, sà," mo ní. "Ẹ máa wá àga."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo jókòó.