Ẹ̀yín Iná fún Gáàsì Ẹ̀gẹ́

Èèpo ẹ̀gẹ́ àti omi tí wọ́n fún kúrò lára rẹ̀ ni Gbádéyan ń dà sínú táǹkì lẹ́yìn ilé ìyangààrí rẹ̀ ní Kàbà. Gáàsì tó ń ti ibẹ̀ jáde ti kún àpò ńlá kan, rọ́bà gígùn kan sì gbé e dé ẹnu ààrò. Lónìí ni Martha, ìyàwó rẹ̀, yóò kọ́kọ́ fi yan gààrí.

Wọ́n ti jà sí i lánàá. Gbádéyan ní ìṣáná ni wọn yóò fi tàn án. Martha ní ààrò tuntun kì í gba iná ìṣáná. Láti ààrò ọmọ ìyá ẹni la ti ń fọn ọ́n wá. Ẹni tó bá gbé irú iná bẹ́ẹ̀ kì í dúró, kì í dáhùn, títí yóò fi dé ìdí ààrò. Bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe nìyẹn.

"Ìṣáná yẹn, ẹ fi tan sìgá yín."

Gbádéyan kì í mu sìgá.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Martha mú àpáàdì, ó kọjá sí ilé Àdúràọlá àbúrò rẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà. Gbádéyan bu omi ẹ̀gẹ́ sí korobá, ó ń gbé e lọ sídìí táǹkì. Ní ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìyangààrí ni òórùn ti pàdé rẹ̀, bí ẹyin adìẹ tó ti bàjẹ́. Ó yọjú wọlé. Rọ́bà ti yọ kúrò lẹ́nu ààrò, ó nà sílẹ̀ bí ejò.

Ó mọ ohun tó fà á. Kí iná lè le lójú Martha, ó ti gbé ọlọ lé àpò gáàsì lánàá.

Ó yíjú. Martha ti wà lójú ọ̀nà, ẹ̀yín iná pọ́n nínú àpáàdì.

"Okun o, ìyàwó tuntun," ni Àdúràọlá ń kí i ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Martha kò dáhùn.

"Ìyá Praise, dúró," ni Gbádéyan ké.

Kò wò ó.

"Má gbé e wọlé."

Ó yára sí i. Ó ku díẹ̀ kó dé ẹnu ilẹ̀kùn.

Gbádéyan gbé korobá, ó da omi ẹ̀gẹ́ lù ú láti àyà dé ẹsẹ̀. Iná hó, ó kú. Àpáàdì bọ́, ó fọ́.

Omi kíkan ń kán láṣọ Martha. "Bàbá Praise, ṣé nítorí ìṣáná?"

"Gbóòórùn ilé."

Ó na imú síwájú. Ó jókòó sílẹ̀.

"Èmi ni mo gbé ọlọ lé e," ni Gbádéyan wí. "Ó wúwo jù."

Martha fún omi kúrò láṣọ rẹ̀. "Mo gbọ́ nígbà tí ẹ pè mí. Mo rò pé ẹ fẹ́ borí mi ni."

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀. Oòrùn ti ga kí òórùn náà tó lọ tán. Gbádéyan gbé ọlọ kúrò, ó tún rọ́bà dè. Martha pààrọ̀ aṣọ, ó wá àpáàdì mìíràn, ó tún kọjá sọ́dọ̀ Àdúràọlá.

Nígbà tó ń bọ̀, Gbádéyan dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ìyá Praise."

Martha dúró sójú ọ̀nà, iná lọ́wọ́. Àdúràọlá ń wò ó.

"Mo gbọ́," ni Martha dáhùn.

"Ó dára. Máa gbé e bọ̀."

Gbádéyan yà fún un. Ó ṣí gáàsì. Iná gbà.