Ẹni Tó Ń Wo Ẹnu Ọ̀nà

“Má jókòó sórí àga yẹn,” ni Àlájà Tàíbátù wí. “Ẹni tó ni ín ń bọ̀.”

Ìlhàm ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó. Ó nà ró padà, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sórí ẹní. Alfa Gbàdàmọ́sí ló ni àga náà, ọkọ Àlájà, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín.

Nítorí pé Àlájà wà nínú opó ni wọ́n ṣe pe Ìlhàm. Àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe pọ̀ ní àdúgbò Lazaret ní Niamey, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni gbogbo wọn, obìnrin tó wà nínú opó kì í sì í jẹ́ kí ọkùnrin àjèjì wọ yàrá òun. Ìlhàm nìkan ni obìnrin tí wọ́n mọ̀ tó ń tú ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Láti kékeré ló ti ń ra rédíò tó ti kú ní ọjà Wadata, tó ń tú u palẹ̀, tó ń tò ó padà, títí ọ̀kan fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan.

“Àlejò wo lẹ ń retí, Àlájà?”

“Alfa ni. Bí wọ́n bá ti lọ kírun alásárì báyìí, á yọ.” Ó fi ẹnu júwe tẹlifíṣọ̀n. “Ibẹ̀ yẹn.”

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n, èyí ló sì ba Ìlhàm lẹ́rù jù. Àwo ìrẹsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá náà, orí rẹ̀ ti gbẹ, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Lẹ́sẹ̀ ògiri, ó ti di gbogbo aṣọ rẹ̀ ní ẹrù mẹ́rin, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan.

“Ọjọ́ kẹsàn-án rèé,” ni Àlájà wí. “Kì í bá mi sọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń wò. Á wò ó, á rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó rí ẹni tó ń dúró dè. Ta ló tún ń dúró dè, bí kì í bá ṣe èmi?”

Ìlhàm fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ wáyà lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì tú nǹkan kì í sọ ohun tó ń ṣe é. Ó jókòó sílẹ̀.

Wọ́n pe ìrun. Àwọn ọkùnrin ilé jáde lọ sí mọ́sáláṣí, àwọn ọmọdé ti wà ní ilé kéú, agboolé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn obìnrin Hausa méjì ń jà sí ìkòkò ọbẹ̀. Lójijì ni ìlà funfun kan gun ojú tẹlifíṣọ̀n láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ohùn àwọn obìnrin náà já. Gbogbo rẹ̀ hó bí yanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbé, nígbà tí yanrìn náà sì rọlẹ̀, ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀.

Kò ní àwọ̀, ó rí bí eérú. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Ìlhàm bojú wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó tún wo èyí tó wà nínú àwòrán. Àga kan náà ni. Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà kò yàtọ̀. Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó yí ojú síbi ẹnu ọ̀nà yàrá yìí gan-an, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìlhàm kò mọ ìgbà tí òun náà bojú wẹ̀yìn. Aṣọ ìkélé ló wà níbẹ̀, kò mì.

Ó nawọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó fa wáyà yọ. Alfa pòórá. Ó tì í bọ̀ ọ́ padà. Alfa dé, ó ṣì ń wo ẹnu ọ̀nà.

“Inú wáyà ló ń gbà wọlé,” ni Ìlhàm wí. “Ibi tí wáyà bá ti wá, ibẹ̀ ni òun náà ti wá. Mò ń bọ̀, Àlájà.”

“Bí o bá rí i,” ni Àlájà dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́, “bi í pé kí ló ń dúró pẹ́ sí.”

Wáyà náà gba ojú fèrèsé jáde, ó sì tọ abẹ́ òrùlé lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ìlhàm ń fi ojú tọ̀ ọ́ lábẹ́ oòrùn. Ó kọjá lára òpó tí àwo sátẹ́láìtì wà, ó sì wọ fèrèsé Zubaidat, ìyàwó kejì. Lábẹ́ fèrèsé yẹn ni ẹsẹ̀ Ìlhàm ti dúró.

Ohùn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá náà. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó húkọ́ ikọ́ gbẹ kékeré kan, ó tún ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Orí Ìlhàm wú. Ó mọ ikọ́ náà. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi jókòó sórí ẹní níwájú Alfa nígbà tó ń kọ́ kéú lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó yí gba iwájú, ó ṣe sàlámà lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn náà já lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó ká aṣọ ìkélé, Zubaidat nìkan ló bá lórí ẹní, ó di rìmóòtù mọ́ àyà. Tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, dikódà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ fídíò àtijọ́ kan sì wà lábẹ́ dikódà, wọ́n fi ìborùn bò ó.

“Jọ̀ọ́, má sọ fún ìyáálé mi,” ni Zubaidat wí. “Wọ́n á ní opó ń wo fíìmù.”

Inú àpótí Alfa ló ti rí kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó ń wò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ya ẹ̀kọ́ Alfa sínú rẹ̀ ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, nínú yàrá Àlájà, kí Zubaidat tó wọ ilé náà rárá. Zubaidat rán ẹni kan kó bá a ra ẹ̀rọ fídíò bọ̀ láti Ìlọrin, òun fúnra rẹ̀ ló sì so ó.

“Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun nígbà tí mo wọlé,” ni ó wí. “Mi ò mọ̀ ọ́n nígbà tó dúdú. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n.”

Ìlhàm kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ó tan iná fóònù rẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ náà sì là sí i lójú. Dikódà kan ṣoṣo ni Alfa rà fún ìyàwó méjì, wáyà kan sì ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí yàrá Àlájà, kí ohun tí ọ̀kan bá ń wò lè jẹ́ ohun tí èkejì ń wò. Wáyà yẹn ni Zubaidat já, tó sì mú un gba inú fídíò kọjá. Wáyà olórí mẹ́ta ló fi so fídíò mọ́ tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, nítorí náà ó ń rí àwọ̀, ó ń gbọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí kásẹ́ẹ̀tì bá ń yí, fídíò á ti dikódà sẹ́yìn, á sì fi Alfa ránṣẹ́ sí yàrá kejì. Ohùn ni kì í dé ibẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ Nàìjíríà fi ń fi ohùn ránṣẹ́ kọ́ ni tẹlifíṣọ̀n Niamey fi ń gbà á.

“Àǹtí, Àlájà ń rí i,” ni Ìlhàm wí. “Lójoojúmọ́. Kò jẹun mọ́. Ó rò pé ó wá mú òun ni.”

Zubaidat fi ọwọ́ bo ojú.

Kí Ìlhàm fa okùn kan yọ, iṣẹ́ ti parí, àṣírí á sì bò. Ṣùgbọ́n ẹrù aṣọ mẹ́rin yẹn kò ní tú. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́yìn fídíò, tí wọ́n fi ń yan ojú ọ̀nà ohùn. Ó fi èékánná tì í sí òdìkejì.

“Ẹ yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ kó máa lọ.”

Nígbà tó padà dé yàrá Àlájà, ohùn ti wà nínú yàrá náà. Àlájà ti fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Alfa ń ka ẹsẹ kan, ó ń túmọ̀ rẹ̀, ó húkọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan dé láti òde àwòrán náà, ohùn ọmọge, ohùn tó mọ́ gaara.

“Alfa, omi àlùwàlá ti wà nílẹ̀ o.”

Alfa yí ojú síbi ẹnu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Mò ń bọ̀,” ni ó dáhùn.

Àlájà sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n náà.

“Ohùn mi nìyẹn,” ni ó wí. “Òun kọ́ ló ń pè mí. Èmi ni mo pè é.”

Ìlhàm ṣàlàyé wáyà, dikódà àti fídíò fún un, ó sì sọ ẹni tó so ó àti ìdí tó fi so ó. Ó bi í léèrè bóyá kí òun tú u.

“Fi í sílẹ̀. Lọ sọ fún Ìyàwó kó wá.” Ó wo àwo ìrẹsì náà. “Kó bá mi gbé oúnjẹ gbígbóná dání.”

Zubaidat dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè wọlé. Àlájà nawọ́ sí àga Alfa.

“Jókòó. Màá sọ bó ṣe rí nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú fún ọ.”

Ìlhàm kó irinṣẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá Zubaidat. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì ń sọ̀rọ̀ fún ẹní òfìfo. Ó wọlé, ó nawọ́ kó pa á, ó tún fa ọwọ́ sẹ́yìn. Nínú àwòrán, Alfa gbé ojú sókè.

“Ó dàbọ̀, Alfa,” ni Ìlhàm wí, kí ó tó mọ̀ pé òun ti sọ ọ́.