Obìnrin Wíńdò Kẹta

Ṣẹ́ẹ̀tì tí ọkọ rẹ̀ lọ̀ ló kọ́kọ́ mú ara fu aránṣọ náà.

Ọdún keje rèé tí ọkọ yìí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Sájẹ́ńtì, ti ń lọ sí ọ́fíìsì àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Bọ́ǹbù ló gbé ọkọ̀ wọn sókè lójú ogun. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ dáadáa mọ́, etí òsì rẹ̀ sì di. Ìjọba ní òun yóò máa tọ́jú ẹni tí ogun bá sọ di aláàbọ̀ ara, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fi hàn pé ogun ló ṣe é. Ìwé tó fi hàn pé ó wà nínú ọkọ̀ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn ará ọ́fíìsì fúnra wọn, wọ́n wá kọ̀ ọ́. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Láti ọjọ́ náà, “ẹ padà wá” ni oúnjẹ rẹ̀. Akọ̀wé tó bá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, wọn á gbé e lọ síbòmíràn, fáìlì á sì padà sí ìsàlẹ̀ òkìtì.

Tẹ́lẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ń wọ̀ lọ, èébú ló sì ń bú wọn bọ̀ wálé. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́rin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun di ọjọ́ ọ̀ṣọ́. Á fá irùngbọ̀n mọ́lẹ̀, á lọ ṣẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Tó bá dé, ohùn rẹ̀ á tutù minimini.

“Wíńdò Kẹta ní kí n mú fọ́tò ẹsẹ̀ wá.”

“Wíńdò Kẹta ní kí n ṣe sùúrù.”

Wíńdò Kẹta òní, Wíńdò Kẹta ọ̀la.

“Wíńdò yìí ò lórúkọ ni?” ni ìyàwó bi í lọ́jọ́ kan, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ lọ.

“Akọ̀wé tuntun tó ń jókòó ní wíńdò kẹta ni. Obìnrin kan báyìí ni.”

Abẹ́rẹ́ gún aránṣọ níka.

Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin lórí fóònù. Ìyẹn kò tilẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tó dití sí gbogbo ayé, tó wá ń gbọ́ tẹnìkan yékéyéké! Iná ń jó lórí òrùlé, ẹ ń sùn.”

Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀. Gbọ̀ngàn ọ́fíìsì náà gùn, wọ́n to àga onírin síbẹ̀, nọ́ḿbà pupa ń tàn lára ògiri. Ó fi ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan bojú. Ìgbà tó jókòó tán ló rí i pé téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn òun.

Nígbà tí Wíńdò Kẹta jáde, kì í ṣe ọmọge rárá. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ọkàn aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà mú Sájẹ́ńtì wọ yàrá kékeré kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta kì í jáde lẹ́nu rẹ̀ nílé sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ó ń sọ, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tó yá, ó tẹrí ba, èjìká rẹ̀ ń mì. Ó ń sunkún.

Obìnrin náà kò fọwọ́ kàn án. Ó sún bébà ìnujú sí i, ó dúró dè é, ó sì ń kọ̀wé lọ. Ká ní ó fọwọ́ kàn án ni, aránṣọ mọ ohun tí òun ì bá ṣe. Ẹkún yìí gan-an ni kò mọ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti bá ọkùnrin yìí gbé, kò rí omi ojú rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ kú.

Ó ti ilẹ̀kùn wọlé. “Sájẹ́ńtì, ẹ kú iṣẹ́ o.”

Ọkọ rẹ̀ ta gìrì. “Kí lo wá ṣe níbí?”

“Ohun tí èmi náà fẹ́ bi yín nìyẹn.”

Akọ̀wé dìde. “Ẹ̀yin ni ìyàwó wọn? Ẹ káàbọ̀, mà. Láti oṣù tó kọjá la ti ń retí ìwé yín.”

“Ìwé wo?”

“Ẹ̀rí ẹni tó ń bá wọn gbélé. A ti rí ẹni tó jẹ́rìí sí ti ọkọ̀. Tinú ilé ló kù. Mo fi lẹ́tà rán wọn sí yín.”

Sájẹ́ńtì ń wo ilẹ̀. “Wọ́n ní kó o kọ́kọ́ ka ohun témi sọ. Mi ò fẹ́ kó o kà á.”

“Ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ kí obìnrin yìí kà á.”

Sájẹ́ńtì wo akọ̀wé. Ó ní kó gbé ìwé náà fún ìyàwó òun.

Ojú ìwé méjìlá ni, aránṣọ kà á lórí ìdúró. Ó ka bí ọkọ rẹ̀ ṣe wọ́ ara rẹ̀ jáde lábẹ́ irin, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é látinú ọkọ̀ tó ń jó, tí kò sì lè padà. Ó kà á pé ó máa ń ṣí omi sílẹ̀ ní balùwẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún òun. Balùwẹ̀ tí aránṣọ ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n pé ṣé wọ́n fẹ́ fa omi táǹkì gbẹ ni!

Nínú bọ́ọ̀sì, ó sún mọ́ etí ọ̀tún rẹ̀. “Kí ló dé tó fi jẹ́ òun?”

Ọkọ rẹ̀ yíjú sí i. “Torí pé bí aago mẹ́rin bá lù, ilé rẹ̀ ló ń lọ. Ohun tí mo bá sọ fún un, orí tábìlì yẹn ni mò ń fi í sí. Tí mo bá sọ ọ́ fún ẹ, a ó jọ máa bá a jẹun ni.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kò pa owú. “Ẹni tó mọ̀ yín ni kó kọ ẹ̀rí náà,” ni aránṣọ wí. Nígbà tí wọ́n délé, ó gba lẹ́tà tí akọ̀wé fi rán ọkọ rẹ̀, ó kì í bọ abẹ́ àjákù aṣọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kẹrin, ọkọ rẹ̀ tètè dé. Ó jókòó tòun ti bàtà. “Wọ́n ti gbé Wíńdò Kẹta lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ẹni tuntun ní òun máa ka fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.”

Inú aránṣọ dùn. Ká má purọ́, ó dùn débi pé “ọpẹ́ o” ti dé ètè rẹ̀. Ó wá wo ọkùnrin náà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí okùn bàtà, kò sì rántí tú u. Ojú ti aránṣọ. Ọ̀tá tí òun rò pé òun gbé ṣánlẹ̀, ọkọ òun ni ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀.

Ó fa bébà tó fi ń gé aṣọ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ. Ó kọ ọ́ pé ọwọ́ òsì ọkọ òun lòun máa ń rìn ní títì, kí mọ́tò má baà gbá a. Ó kọ ọ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá pa géètì dé gbàù, kì í lè jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó kọ nípa máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ àtijọ́, èyí tó yá jù, tí ìró rẹ̀ máa ń mú kí ọkùnrin náà làágùn bíi pé ìbọn ló ń dún, tí òun fi gbé e pamọ́.

Sájẹ́ńtì kà á dé ibẹ̀, ó gbójú sókè. “Máṣíìnì yẹn ò bàjẹ́?”

“Kò bàjẹ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà.”

“Láti ọdún mẹ́jọ?”

“Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ nǹkan í fi pamọ́ ni?”

Sájẹ́ńtì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì dìde lọ sí balùwẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n jọ lọ. Akọ̀wé tuntun ní, “Màmá, oṣù mẹ́fà ni mo dá fún wọn.”

“Oṣù mẹ́fà náà á bá mi lórí àga yìí ni,” ni aránṣọ wí. “Mo gbé iṣẹ́ mi wá.” Ó yọ abẹ́rẹ́ àti òwú jáde, ó ń rán aṣọ lọ níwájú wíńdò. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ìwé rẹ̀.

Síbẹ̀, oṣù mẹ́rìnlá kọjá kí ìdájọ́ tó jáde. Wọ́n gbà pé ogun ló ṣe ẹsẹ̀. Etí ńkọ́? Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ orí. Tọkọtaya náà pe ẹjọ́ mìíràn lórí etí lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Sájẹ́ńtì ní, “Ó yẹ ká kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ Wíńdò Kẹta.”

“Ó yẹ,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó di apá rẹ̀ mú. “Ṣùgbọ́n èmi ni màá kọ ọ́.”

Ó kọ ọ́ lóòótọ́, ìlà mẹ́rin péré, ó sì fọwọ́ sí i fún àwọn méjèèjì.