Ojú Tí Màdáàmù Ṣẹ́ sí Adéfúnkẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì tán nínú mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Adéfúnkẹ́ ò ní ìyá, kò ní bàbá, omi inú ọ̀rá ló ń kiri ní Ìyànà-Ìbà kí wọ́n tó mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ aṣọ rírán lọ́fẹ̀ẹ́ ní Òkokomáìkò. Màdáàmù Beatrice, tó ń kọ́ wọn, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì ni kóo máa pè mí." Ọmọ yìí gbà á gbọ́! Ó ń pọnmi fún un, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, bí ẹni pé inú rẹ̀ ló ti jáde.

Ìlérí kan wà nílẹ̀. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá gún régé jù lọ́jọ́ fríìdọ̀mù tí wọ́n máa parí iṣẹ́ kíkọ́, àwọn tó gbé ètò náà kalẹ̀ máa fún un ní máṣíìnì. Òun ni Adéfúnkẹ́ gbójú lé. Bí kò bá rí i gbà, ẹ̀gbẹ́ títì ló ń padà sí. Ó wá rán gáùn kan tí inú rẹ̀ mọ́ ju ìta tẹlòmíràn lọ.

Ọjọ́ pé, àlejò jókòó. Màdáàmù gbé gáùn náà sókè, ó ní, "Dára ló rán èyí." Dára kẹ̀! Ọmọ ẹ̀gbọ́n Màdáàmù, tí òun àti Adéfúnkẹ́ jọ ń kọ́ṣẹ́, tí ò tíì lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́ láìṣépè! Adéfúnkẹ́ lanu. Màdáàmù wò ó, ó ṣẹ́jú sí i.

Ọmọ tó bá gbẹ̀kọ́, ojú làgbà fi ń bá a sọ̀rọ̀. Adéfúnkẹ́ panu mọ́. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Mọ́mì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Tèmi ń bọ̀." Ó tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún Dára nígbà tí wọ́n gbé máṣíìnì lé e lọ́wọ́.

Nígbà táwọn àlejò lọ tán, ó kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, tèmi ńkọ́?"

"Èwo ni tìẹ?"

"Ẹ ṣẹ́jú sí mi, mà. Mo rò pé ẹ ní kí n ní sùúrù ni."

"Mo ní kóo panu mọ́ ni." Màdáàmù ń tú gèlè orí rẹ̀, kò wojú ọmọ náà. "Bí mi ò bá fún Dára, ẹ̀gbọ́n mi á wá bi mí. Ìwọ, ta lo ní tó máa wá bi mí?"

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ọ̀rọ̀ náà dun Adéfúnkẹ́ wọ egungun. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni mo ní, Mọ́mì."

Màdáàmù ní kó dìde, kó wá bá Dára gbé máṣíìnì dé ìdí kẹ̀kẹ́.